Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Dáṣíbọ́ọ̀dù Benz Yín

Ọ̀rọ̀ máàpù inú ọkọ̀ ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí. Mo mú mẹ́rin. Ti ìyá kan láti Òmù-Àrán ni mo fi ṣáájú, orí rẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí jù, torí ó tẹ̀ mí níbi tó ń dùn mí.

ÌBÉÈRÈ: Alhaji Rewáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mercedes 200 tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mò ń wà, V-boot 1990. Títí ó fi lọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pákó iwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣìnà ní Ìbàdàn nígbà tí mò ń lọ wo àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Bódìjà, ni ọmọ wa tó wà ní Dublin bá fi Android, rédíò ọkọ̀ olójú gíláàsì tó ní máàpù, oní-ínǹṣì mẹ́sàn-án, ránṣẹ́ pé kí n fi sínú ọkọ̀. Rewáyà kan níbí ní òun máa gé ojú dáṣíbọ́ọ̀dù díẹ̀, iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Ọkàn mi kò gbà á. Ọmọ mi ní mo ti fẹ́ràn ohun àtijọ́ jù. Ṣé kí n jẹ́ kó gé e? — Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Rárá o. Ẹ má jẹ́ kó gé e.

Ó yá mi lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀ torí èmi náà ti gé ọ̀kan rí. Ọdún 2013 ni, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Gàá Àkànbí. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé V-boot wá, irú tiyín gan-an, pákó iwájú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Ó ti ra Android, ó ní kí n fi sí i. Mo wo ihò rédíò, mo wo Android, mo mú ayùn irin, mo fi iná gáàsì mú un gbóná, mo bẹ̀rẹ̀. Ike gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Pákó kò gbọ́. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, fáníìṣì wà lórí rẹ̀. Bí ayùn ṣe kàn án ló ń là lọ síbi tí n kò rán an. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, mo sì gba owó mi. Oṣù mẹ́rìnlá ni Android yẹn lò kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni padà dé pé kí n dá rédíò àtijọ́ sípò, ihò ti fi ìlọ́po méjì ju rédíò lọ, kò sí ohun tí rédíò máa dì mú mọ́. Páálí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù la gé, la kùn ní dúdú, la fi dí i. Ọkọ̀ náà ṣì ń rìn ní ìgboro. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní Òpópó Táíwò, apá kejì ni mo máa ń wò.

Òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ, ó wà ní Ìdí-Àpé fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Kí irin mú kì í ṣe ìṣòro ọmọ Ìlọrin. Ibi tó yẹ kí n dá a dúró ni mo pẹ́ kí n tó mọ̀.

“Gé díẹ̀” tí rewáyà yẹn sọ, ẹ jẹ́ ká fi rúlà wò ó. Àwọn ará Jámánì ló fi òdiwọ̀n ihò rédíò ọkọ̀ lélẹ̀. DIN ni wọ́n ń pe àjọ tó ń ṣe òdiwọ̀n fún wọn, òun náà la fi ń pe ihò yẹn títí dòní. DIN kan jẹ́ mìlímítà 180 ní ìbú àti 50 ní gíga. DIN méjì, ìbú rẹ̀ kò yàtọ̀, gíga rẹ̀ ló di 100. DIN kan ni Benz yín. Ẹ wá dojú Android tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ délẹ̀, kí ẹ wọn àpótí irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀: mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé DIN méjì ni. Ìyẹn ni pé ihò mìíràn tó tó èyí tó wà níbẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fẹ́ dá sí i. Òkè àti ìsàlẹ̀ rédíò kò sì ṣófo nínú V-boot. Bọ́tìnì AC wà nítòsí, páìpù tí atẹ́gùn ń gbà wà lẹ́yìn. Wákàtí méjì lóòótọ́. Wákàtí méjì náà ni èmi lò.

Wọ́n á sọ fún yín pé oríṣi kan wà tí ìdí rẹ̀ jẹ́ DIN kan, tí ojú rẹ̀ wá yọ síta bí tẹlifíṣọ̀n. Òótọ́ ni, kò nílò ayùn. Ṣùgbọ́n ojú ínǹṣì mẹ́sàn-án tó bá yọ síta níbẹ̀ á bo ibi tí ẹ ti ń darí AC, ẹ̀yin náà sì mọ bí oṣù Ẹrẹ́nà ṣe ń rí ní Kwara. Oríṣi kejì a máa pa ojú rẹ̀ mọ́ra sínú ihò. Bí ẹ bá tàn án, mọ́tò kékeré á tì í jáde, á gbé e nàró. Ó wu ojú púpọ̀. Àwọn eyín ike inú rẹ̀ kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, eruku ọyẹ́ ni ikú wọn. Mo ti tú èyí tó pọ̀, n kò rántí èyí tó pẹ́ láyé lẹ́yìn tí mo tú u.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìyá mi ni, màá fi rédíò sílẹ̀ níbi tó wà, fóònù ni màá fi ṣe máàpù, màá wá fi gbogbo ọgbọ́n mi sí ibi tí fóònù máa jókòó àti wáyà tó máa fún un níná.

Ẹ má bẹ̀rù dátà. Sátẹ́láìtì GPS wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200. Àwọn ló ń sọ̀rọ̀ wálẹ̀, fóònù kàn ń tẹ́tí ni, kò dá wọn lóhùn, nítorí náà kò sí dátà nínú rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn, ó mọ ibi tó wà. Àwòrán máàpù ni dátà ń lọ sí, ẹ sì lè gba ìyẹn sílẹ̀ nílé, Kwara, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ pọ̀, kí ẹ tó gbéra. Ológun Amẹ́ríkà ló ni nǹkan ọ̀hún. Ọdún 1978 ni wọ́n rán àkọ́kọ́ lọ sókè. Lọ́dún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yín, wọn kò tíì pé lókè. Nígbà tí wọ́n pé pàápàá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń da tàwa ará ìlú rú, ó lè ṣi ibi tí èèyàn wà tó ọgọ́rùn-ún mítà, títí Ààrẹ Clinton fi ní kí wọ́n jáwọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Bàbá kò pàdánù ohunkóhun láyé ìgbà yẹn. Ẹnu ni máàpù, wọ́n á sọ gíláàsì sílẹ̀, wọ́n á béèrè.

Ó ku ibi tí fóònù máa wà. Ẹ má ra èyí tó ń kọ́ mọ́ ojú ihò atẹ́gùn. Ike ihò atẹ́gùn ọkọ̀ yín ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, bí ẹ bá gbé fóònù kọ́ ọ, ó máa kán, ẹ ò sì ní rí tuntun rà. Èyí tó ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì ńkọ́? Ọ̀sán gangan ló máa ń já bọ́, àárín eré ló sì máa ń yàn. Èyí tí mo máa ń ṣe nìyí. A ó fa rédíò síta díẹ̀. A ó mú alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan tí kò nípọn ju mìlímítà méjì lọ, a ó tẹ̀ ẹ́ ní igun. Apá kan á wọ àárín rédíò àti ihò, apá kejì á yọ síta, ibẹ̀ la ó de ọwọ́ tó ń di fóònù mú mọ́. Mo máa ń fi awọ wé apá tó wọ inú kó má baà ha pákó. Oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń fún mi ní àjákù. Bí ẹ bá fà á yọ lọ́dún mẹ́wàá òní, ojú kankan kò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí.

Ẹ dúró ná o. Kí ẹnikẹ́ni tó fa rédíò yẹn, ẹ kọ́kọ́ tú àpò ìwé ọkọ̀ tí bàbá fi pamọ́ wò. Bó bá jẹ́ rédíò Becker ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ní nọ́ńbà àṣírí. Bí iná bá ti já lára rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á kọ CODE sójú, kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi tẹ nọ́ńbà yẹn. Káàdì kékeré kan ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ sọ fún rewáyà pé kò gbọdọ̀ yọ wáyà ẹ̀yìn rédíò, kò sì gbọdọ̀ ṣí orí bátìrì. Fíúsì ibi tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nìkan ni kó yọ. Irin pẹlẹbẹ méjì ló wà fún yíyọ rédíò náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tó bá mú súkúrúdíráfà dání tó ń wá etí rédíò kiri, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Iná ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Wáyà tó ń lọ sí ihò ìtanná sìgá la ó lò. A ó so ṣájà kékeré tó ń sọ iná fóltì 12 di fóltì 5 mọ́ ọn lábẹ́, níbi tí ojú kò tó o, a ó sì fi fíúsì ampere 3 sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí rewáyà fi mítà tí a fi ń wọn iná wò ó bóyá iná ibẹ̀ ń kú bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́; bí kò bá kú, kó wá ibòmíràn tó ń kú. Kó bá yín ṣí àpótí fíúsì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Fíúsì V-boot kì í ṣe ti ike ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó rí bí ọta ìbọn kékeré: funfun ni ti ampere 8, pupa ni ti 16. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹnì kan ti fi bébà dídán inú páálí sìgá wé ọ̀kan. Mo ti bá a nínú ọkọ̀ àwọn èèyàn ńlá. Bébà yẹn kì í já, wáyà ló máa jó dípò rẹ̀.

Ohun kan tí ẹ ó fi dúpẹ́: 1990 ni tiyín. Àwọn Benz tó tẹ̀lé e, bíi 1993 sí 1995, rọ́bà tó bo wáyà ẹ́ńjìnì wọn máa ń rún wómúwómú bí bisikíìtì, èèyàn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ líle kàn án.

Ẹ jẹ́ kí rédíò máa sọ ìròyìn bó ṣe ń sọ ọ́. Bí ọ̀pá éríà ẹ̀yìn bá ṣì ń yọ sókè fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tàn án, wáyà kan ló ń rán an níṣẹ́. Lára rédíò tuntun, búlúù ni. Ọ̀pọ̀ àwa rewáyà, bí a bá fi Android rọ́pò rédíò, a máa ń so búlúù yẹn pọ̀ mọ́ pupa, ọ̀pá á wá dúró lókè látàárọ̀ títí ẹ̀ka igi á fi ṣẹ́ ẹ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi tiyín sílẹ̀.

Fóònù máa gbóná, ẹ fọkàn sí i. Apple fúnra wọn ní kí a má lo iPhone níbi tó bá gbóná ju 35 lọ ní ìwọ̀n Celsius. Ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn ní Òmù-Àrán ti kọjá ìyẹn kí aago mọ́kànlá tó lù. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ mú un dání.

Ní ti Bódìjà, ẹ má kọ àdírẹ́sì sínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún dé ilé ọmọ yín, ẹ dúró ní ẹnu géètì, kí ẹ fi ìka tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí máàpù, kí ẹ fi orúkọ àwọn ìbejì pamọ́ sí i. Ìyá inú fóònù yẹn á pe Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tó fẹ́ sín, ẹ má rẹ́rìn-ín jù kí ẹ má baà kọjá ibi tó ní kí ẹ yà. Ẹ má sì gbà á gbọ́ tán. Lójò èṣí, mò ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Ìgbájà, ó rí ọ̀nà tó fi díẹ̀ kúrú ju títì lọ, ó tì mí sínú rẹ̀. Àárín oko ẹ̀gẹ́ ni mo ti yí ọkọ̀ padà, àwọn ọmọdé méjì ló bá mi wo ẹ̀yìn.

Android ọmọ yín, ẹ fi pamọ́, ọkọ̀ tó ní DIN méjì á dé ilé yín lọ́jọ́ kan. Ẹ má sọ fún un pé mo ní kò dára. Ó rò yín re.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùm, Alhaji. Corolla 2004 ni mò ń lò, ní Tánkẹ̀. Láti oṣù mẹ́rin tí mo ti fi Android sí i nítorí máàpù, bí mo bá gbé e síbì kan di ọjọ́ kejì, kò ní jí. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń bá mi tì í. Rewáyà mi ní bátìrì ni, mo ti ra méjì. — Olùkọ́ kékeré, Tánkẹ̀.

ÌDÁHÙN: Wàláékùmù sàlámù, ọmọ mi. Àwọn bátìrì méjèèjì kò lẹ́bi. Mú tọ́ọ̀ṣì, wo ẹ̀yìn Android yẹn. Wáyà mẹ́ta ló jẹ wá lógún. Èyí tó ní àwọ̀ yẹ́lò ń gba iná tààrà láti bátìrì, òun ni kò jẹ́ kó gbàgbé àwọn ohun tó ti mọ̀. Pupa ń gba iná tí kọ́kọ́rọ́ bá yí nìkan, òun ló ń sọ fún un pé, “Jí,” tàbí “Sùn.” Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Màá sọ ohun tí o máa rí: wọ́n ti lọ́ yẹ́lò àti pupa pọ̀, wọ́n fi tépù wé e, wọ́n sì so ó mọ́ ibi tí iná kì í ti í kú. O rò pé ó ti kú torí ojú rẹ̀ ṣú. Kò kú, ó kàn dijú ni.

Ṣírò ni iṣẹ́ rẹ, wá ṣe é. Ká ní ampere kan péré ló ń mu. Láti aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀, ó ti mu ampere-wákàtí 12. Bátìrì ampere-wákàtí 45 lo máa ní. Bí o bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀ di àárọ̀ Ajé, kò sí ohun tó kù tí stáàtà máa jẹ.

Kí o tó jẹ́ kí wọ́n tú nǹkan kan, jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n yọ orí òdì bátìrì, kí wọ́n fi mítà sí àárín, lójú ampere 10. Pa gbogbo ilẹ̀kùn, jáde, dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sùn. Bí mítà bá kà tó mílíampere 50 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, yọ Android kúrò lára iná, tún kà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ní àkókò yẹn o, fíúsì mítà á jó, wọ́n á sì ní kí o san án.

Bí ó bá jẹ́ bí mo ṣe sọ, ìtúnṣe rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: kí wọ́n ya yẹ́lò àti pupa, kí pupa lọ síbi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń darí. Kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kì í ṣe tépù lásán. Gọ́ọ̀mù tépù máa ń yọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wáyà á wá dúró ní ìhòòhò. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti gé ike tí Toyota fi so rédíò àkọ́kọ́, tí mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gé e, béèrè ike tó bá a mu lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ọkọ̀: ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan ní mẹ́fà. Ká ní òun ni wọ́n rà lọ́jọ́ kìíní, wáyà Toyota kankan kì bá tí rí ọ̀bẹ. Àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì Android rẹ náà, tí ìwé owó máa ń kó sí, ihò Toyota ló fẹ̀ tó mìlímítà 200, òdiwọ̀n tiwọn nìyẹn. Ike pẹlẹbẹ tí a fi ń dí i wà lọ́jà.

ÌBÉÈRÈ: Lexus RX 330 tòkunbọ̀, 2005. Máàpù tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà nìkan ló mọ̀. Mo wà ní Ọ̀fà, ó ń fi mí hàn níbi tí kò sí nǹkan kan. Ẹnì kan ní kí n jẹ́ kí òun yọ gbogbo rẹ̀ kí òun fi Android sí i. — Oníṣòwò, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Máàpù yín kò bàjẹ́, ó ń sọ òtítọ́ tó mọ̀ ni. Orí DVD ni máàpù ọkọ̀ yẹn wà, àwọn tó ṣe é fún Amẹ́ríkà kò ro Ọ̀fà sí i. GPS rẹ̀ mọ ibi tí ẹ wà gan-an, ìwé tó ń kà ni kò ní ìlú yín nínú.

Ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nínú RX 330 tó bá ní máàpù, ojú gíláàsì yẹn kì í ṣe ti máàpù nìkan. AC gba ibẹ̀, rédíò gba ibẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó yọ tirẹ̀. Fèrèsé ló wá ń ṣí nígbà oòrùn. Ẹ fi sílẹ̀. Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́yìn ojú gíláàsì náà, tó ń jẹ́ kí ohun tó wà lórí fóònù hàn lójú rẹ̀. Kò gé nǹkan kan, ẹ sì lè yọ ọ́. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ka ohun tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì lókè.

ÌBÉÈRÈ: Awakọ̀ Hiace ni mí ní Garéèjì Ọ̀fà. Mo fi Android sí i, máàpù rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́yìn. Mo wà lórí títì, ó ní inú odò Àsà ni mo wà. Àwọn èrò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

ÌDÁHÙN: Àpótí dúdú kékeré kan bá Android rẹ wá, ó tó ìdajì páálí ìṣáná, òòfà wà nídìí rẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ọn. Etí tí ọkọ̀ rẹ fi ń gbọ́ sátẹ́láìtì nìyẹn. Níbo ló wà? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti jù ú sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, òòfà ti gbé e mọ́ irin, irin sì bò ó lórí. Ohùn sátẹ́láìtì kì í gba inú irin kọjá. Fà á jáde, gbé e sókè pátápátá lábẹ́ ike dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́bàá gíláàsì iwájú, kí òòfà dojú kọ ilẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa wo ojú ọ̀run. Bó bá jẹ́ tíǹtì tó ní irin nínú lo lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, bó o ọ kúrò. Lẹ́yìn náà, gbé ọkọ̀ síta gbangba, má ṣe é lábẹ́ páànù garéèjì, tàn án, kí o fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìrìn, kó ka àwọn tó wà lókè tán.

Bó bá ṣì ń sọ ọ́ sódò, gbé e wá. Má gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn aago méjìlá, o mọ ibi tí mo máa wà.